Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́máàtì Rẹ̀

“Fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀.” Ohun tí ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bá yọnu máa ń gbọ́ nìyí, láti Computer Village ní Ìkẹjà títí dé ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì. Ẹ̀rọ ń lọ́ra? Fáírọ́ọ̀sì ni. Kò gbé ohùn jáde mọ́? Fáírọ́ọ̀sì ni. Wi-Fi ò wọlé? Ẹ gbé e wá, fáírọ́ọ̀sì náà ni. Ará ilé gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi àtúnṣe kọ̀ǹpútà jẹun náà sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti ta ko ìgbàgbọ́ náà. Kò tọ̀nà, ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní púpọ̀, ó sì ń pa iṣẹ́ ọdún gbọọrọ rẹ́ láàárín wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí fọ́máàtì ń ṣe. Ó ń nu gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé Windows tuntun sí i. Ohun tó bá jẹ́ ti sọ́fítíwíà nìkan ló lè kàn. Kò lè gbọn eruku kúrò nínú fáànù. Kò lè jí bátìrì tó ti kú. Kò lè so wáyà tó já lẹ́nu ṣájà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú nǹkan wọ̀nyí ló sábà máa ń ṣe láptọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, pàápàá tòkúnbọ̀ tí ọ́fíìsì kan nílùú Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà ti lò dáadáa kí wọ́n tó kó o wá sí Èkó. Ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní thermal paste, tó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, á ti gbẹ. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde á ti dí. Bí ooru ọpọlọ náà bá sún mọ́ 100°C, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù kí ó má baà jóná. Bí ooru bá tún lé sí i, gbogbo ẹ̀rọ á kú lójijì. Ẹni tó ni ín á ní ó ń lọ́ra, ó sì ń dédé kú. Ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sẹ́ni tó tú ìdí rẹ̀ wò.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fún mi: “Wọ́n fọ́máàtì tèmi, ó sì yá.” Òótọ́ ni, ó máa ń yá. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí kú, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀ dáadáa. Windows tó ti pẹ́ lórí ẹ̀rọ ti kó oríṣiríṣi sọ́fítíwíà jọ, tí gbogbo wọn ń dìde pẹ̀lú rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tan án. Fọ́máàtì kó gbogbo wọn dànù, ni ara bá tu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe iṣẹ́ yìí fúnra yín láìpàdánù fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Startup sí, kí ẹ sì pa èyí tí ẹ kò nílò níbẹ̀.

Ìdí kejì tó fi máa ń yá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí háàdì dísìkì bá ti ń bàjẹ́, àwọn ojúkò kan wà lórí rẹ̀ tí kò ṣeé kà mọ́. Nígbà tí Windows bá ní láti ka fáìlì tó wà níbẹ̀, dísìkì á máa gbìyànjú léraléra, ẹ̀yin á máa wo róbótó tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn fọ́máàtì, Windows tuntun lè bọ́ sórí ojúkò mìíràn tó ṣì dára, ẹ̀rọ á sì máa sáré. Kò ní pẹ́ tí ìbàjẹ́ náà yóò fi dé ibẹ̀. Ẹ ó tún gbé e padà lọ, wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì mìíràn ti wọ̀ ọ́, ẹ ó sì tún sanwó. Dísìkì kan náà ló ń kú lọ, lójú yín, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Dísìkì kì í fi ikú rẹ̀ pamọ́. Ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ara rẹ̀, S.M.A.R.T. ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ náà. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo tó ń kà á. Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Reallocated Sectors Count sí àti èyí tí wọ́n kọ Current Pending Sector Count sí, kí ẹ wo abẹ́ Raw Values. Ó yẹ kí ó jẹ́ òdo. Bí kì í bá ṣe òdo, tí ó sì ń pọ̀ sí i, ẹ má ṣe fọ́máàtì ohunkóhun. Ẹ kó fáìlì yín kúrò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ra dísìkì mìíràn. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ra SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Mo ti rí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti pa tì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ó di ohun tí ọmọ ilé ìwé tún ń lò lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n yọ dísìkì tó ń yí kúrò tí wọ́n fi SSD rọ́pò rẹ̀. Kò sí fọ́máàtì tó lè ṣe irú rẹ̀.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe ìpalára jù ni ọ̀rọ̀ dráífà. Dráífà ni sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí Windows lè bá Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà àti àwòrán ojú ẹ̀rọ lò pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù ló máa ń kó èyí tó bá ẹ̀rọ náà mu sórí rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí apá kan dísìkì. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá nu gbogbo dísìkì ti nu ìyẹn náà. Láptọ́ọ̀pù á wá padà sọ́wọ́ yín pẹ̀lú lẹ́tà rìbìtì-rìbìtì lójú rẹ̀, nítorí pé kò sí dráífà àwòrán; kò ní ohùn; Wi-Fi rẹ̀ ti pòórá, ẹ kò sì lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá dráífà Wi-Fi. Ohùn nìkan ni kò ní nígbà tí ẹ gbé e lọ. Ìgbà náà ni wọ́n á wá sọ fún yín pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti bàjẹ́, pé kí ẹ ra òmíràn. Mo tẹnu mọ́ ọn: ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n pè ní òkú ni kò ní ju dráífà kan tí kò sí lórí rẹ̀.

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì tẹ Start, ẹ yan Device Manager. Ohun tó bá ní ìṣòro máa ní àmì àwọ̀ ìyeyè lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ka nọ́ńbà tí Windows kọ síbẹ̀. Code 28 ń sọ pé kò sí dráífà rárá. Code 10 ń sọ pé ohun èlò náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ dráífà tí kò bá a mu. Code 43 le díẹ̀: ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ló kéde pé nǹkan ń ṣe òun, ó lè jẹ́ dráífà, ó sì lè jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ó jẹ́, ẹ lọ sí Details, ẹ yan Hardware Ids. Ẹ ó rí VEN_ pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. 8086 ni Intel, 10EC ni Realtek, 14E4 ni Broadcom, 168C ni Atheros. Ẹ fi èyí àti DEV_ tó tẹ̀ lé e wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún yín ní dráífà. Ẹ sá fún àwọn sọ́fítíwíà tó ń polówó ara wọn pé àwọn á wá gbogbo dráífà fún yín. Wọ́n máa ń gbé èyí tí kò tọ́ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì tún ní kí ẹ sanwó.

Tí Wi-Fi kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa wọ ìkànnì? Ẹ fi wáyà ṣájà fóònù Android yín so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tan USB tethering nínú fóònù. Windows 10 sábà máa ń dá a mọ̀ láìbéèrè dráífà kankan. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí Windows ṣe àpdéètì ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀, bọ́tìnnì Roll Back Driver wà nínú Device Manager kan náà tó lè dá dráífà ti tẹ́lẹ̀ padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù nítorí Wi-Fi. Wọ́n fọ́máàtì ẹ̀. Wi-Fi kò wá. Ìgbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, mo rí súwíìṣì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́, tí ó wà ní pípa. Mo fi èékánná tì í, iná Wi-Fi tàn. Iṣẹ́ àkànṣe tó fẹ́ fi gboyè ti lọ. SSD ló wà nínú láptọ́ọ̀pù náà, bí wọ́n bá sì ti nu SSD, Windows á sọ fún un pé kí ó tú àwọn ojúkò náà sílẹ̀, sọ́fítíwíà tó ń wá fáìlì tó sọnù kì í sì í rí nǹkan mú níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó tì í, kò sí ohun tí mo lè ṣe fún un. Ìbínú ọjọ́ náà wà lára ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń parí àríyànjiyàn, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe é. Ẹ wá fláàṣì 8GB tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ gba Linux Mint, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fi sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ Rufus gbé e sórí fláàṣì náà. Ẹ ki fláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù tó ń yọnu, ẹ tan án, kí ẹ sì máa tẹ F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 bó bá jẹ́ HP, kí ẹ yan fláàṣì náà. Linux á ṣí láti orí fláàṣì, kò ní fọwọ́ kan dísìkì yín àfi tí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ orin, ẹ wo Wi-Fi, ẹ tan kámẹ́rà. Bí ohùn bá jáde níbẹ̀, spíkà yín kò bàjẹ́, bọ́ọ̀dù yín kò bàjẹ́; ìṣòro wà lọ́dọ̀ Windows àti dráífà rẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Wi-Fi ni mo yọ sọ́tọ̀, nítorí pé Linux máa ń bèèrè dráífà mìíràn fún àwọn Broadcom kan. Àìṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn ìṣòro míì tún wà tí wọ́n ń fẹ̀sùn wọn kan fáírọ́ọ̀sì lásán. Láptọ́ọ̀pù tí déètì rẹ̀ ń padà sí ọdún àtijọ́, tí ìkànnì kankan kì í ṣí lórí rẹ̀: bátìrì kóróbótó orí bọ́ọ̀dù, tí ó sábà máa ń jẹ́ CR2032, ló kú. Àwọn ìkànnì ń lo ìwé ẹ̀rí tó ní déètì, bí déètì yín kò bá sì bá a mu, bùráwúsà á kọ̀ láti wọlé. Láptọ́ọ̀pù Dell tó ń kọ ọ́ pé òun kò mọ irú ṣájà tí ẹ kì bọ òun: bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í gba iná sí bátìrì, á sì tún dín eré ọpọlọ kù. Ṣájà ayédèrú tàbí abẹ́rẹ́ àárín ẹnu ṣájà ló sábà máa ń fà á. Wọ́n ti fọ́máàtì irú rẹ̀ lójú mi rí.

Mi ò sọ pé fáírọ́ọ̀sì kò sí. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ CIH, tó jáde lọ́dún 1998, ba sọ́fítíwíà orí bọ́ọ̀dù àwọn kọ̀ǹpútà kan jẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999 débi pé wọn kò lè tàn mọ́. Ẹ kíyè sí i pé fọ́máàtì kò lè ran àwọn wọ̀nyẹn pàápàá lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa tó ń bèèrè owó wà lónìí. Lẹ́yìn irú rẹ̀, fọ́máàtì tọ́. Ó tọ́ bí ẹ bá fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù yín, ó sì tọ́ bí ẹ bá ra dísìkì tuntun. Ohun tí mo ń bá jà ni kí wọ́n fi í ṣe ìdáhùn kí wọ́n tó gbọ́ ìbéèrè.

Ìjà mìíràn tún ti dé. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn kan sì ti ń fi èyí dẹ́rù ba ènìyàn pé kí wọ́n wá fi Windows 11 sórí láptọ́ọ̀pù wọn. Microsoft kò fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ fún Windows 11. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá fi tipátipá gbé e sórí láptọ́ọ̀pù ọdún 2012, ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà kò ṣe dráífà Windows 11 fún un. Linux Mint á bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lò dáadáa fún ìwé kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì àti fíìmù.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo mọ̀ pé oníbàárà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Ó ń dúnàádúrà, ó fẹ́ gbà á lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́máàtì sì ni ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ bu iye kan fún àyẹ̀wò, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ san án, nítorí àìsan rẹ̀ wà lára ohun tó sọ wọ́n di báyìí.

Nígbà tí ẹ bá tún dé ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ yín sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí Device Manager lójú yín, kí wọ́n sì fi Raw Values dísìkì yín hàn yín. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa kó fáìlì yín sí, kí ẹ ṣí méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ wò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dísìkì náà. Bí wọ́n bá ní kò pọn dandan, pé fáírọ́ọ̀sì ni, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ wọn kí ẹ máa lọ.