Inú Orí Ìyá Àgbà Ni Àwòrán Aṣọ Ọlọ́nà Wà

Bí wọ́n bá ṣí àpótí àgbà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ awo Òṣùgbó ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, aṣọ kan lè wà nísàlẹ̀ tí àwọn ọmọ kò ní mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Kò fẹ̀ tó ìró, kò gùn tó gèlè, ó nípọn, wájawàja sì wà ní ẹnu rẹ̀. Lójú ọmọ tó ti Èkó wá, àkísà ni. Ìtagbè ni, aṣọ èjìká àwọn àgbà, ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tí Ìjẹ̀bú ń pè ní aṣọ ọlọ́nà.

Kí wọ́n tẹ́ ẹ sí ìmọ́lẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀lọ́ kan á yọ jáde lára rẹ̀ ní òwú pupa: orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká bíi ti ẹran tó fẹ́ fò. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, á rí i pé ọ̀pọ̀lọ́ náà yọ díẹ̀ sókè ju ara aṣọ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fa òwú jáde ní kókó kéékèèké títí ojú aṣọ fi rí bíi ṣàkì ẹran. Lára òmíràn, ọ̀nì ló wà, tàbí ejò, ẹja, ìjàpá. Wàláà tí ọmọ ilé kéú fi ń kọ́ kéwú náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi ń dì í mú. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ inú ilé, obìnrin tó ń hunṣọ rí wàláà, ó sì fi í sára aṣọ.

Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn dárúkọ aṣọ àtijọ́ tó fi ìgbé ayé ará oko hàn, ọkàn àwọn tó kàwé sábà máa ń lọ sí Yúróòpù, sí aṣọ ńláńlá tí wọ́n hun ní Brussels ní sẹ́ńtúrì 18 láti fi bo ògiri ilé ọlọ́lá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń jó, tí wọ́n ń mutí, tí wọ́n sì ń ta ẹja. Àṣìṣe ńlá ni láti fi ìyẹn wo ti Ìjẹ̀bú kí wọ́n sì sọ pé Ìjẹ̀bú kò ní irú rẹ̀. Aṣọ ọlọ́nà kì í ya àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Ohun tó ń pàdé àgbẹ̀ àti apẹja lójú ọ̀nà ló ń yà. Ẹni tó bá dàgbà létí ọ̀sà ní Ìwòpin tàbí Mákùn-Omi kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀nì fún un.

Omi yẹn kan náà ló gbé aṣọ Ìjẹ̀bú rìn. Ní sẹ́ńtúrì 17, àwọn oníṣòwò ará Holland ń rà á láti lọ tà á ní etíkun ibi tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ọ̀nà ọ̀sà tó gba agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside kọjá ló so Ìjẹ̀bú mọ́ ìhà ìlà-oòrùn, títí dé ilẹ̀ Kalabari, níbi tí àwọn ìdílé ọlọ́lá ti fẹ́ràn èyí tó ní àwòrán ìjàpá débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní èdè tiwọn, ikakibite, aṣọ ìjàpá. Àwọn obìnrin Akwete nílẹ̀ Igbo wò ó, wọ́n sì kọ́ ọ. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà tó gbọ́ orúkọ Akwete pọ̀ gan-an ju ẹni tó gbọ́ ti aṣọ ọlọ́nà lọ. Ó yẹ kí èyí dun ọmọ Ìjẹ̀bú.

Ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n tètè ṣe àkọsílẹ̀ aṣọ yìí wà nínú bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ní Brussels, ayàwòrán ló ń ya àwòrán sílẹ̀ kí ahunṣọ tó jókòó. Ní Thiès ní Senegal, níbi tí ìjọba Ààrẹ Senghor ti dá ilé ìhunṣọ sílẹ̀ ní 1966, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ahunṣọ bá kú, àwòrán wà nílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, obìnrin ló ń hun ọlọ́nà, lórí òfì tó dúró ti ògiri, tó yàtọ̀ sí òfì gbọọrọ tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè. Yóò fi ìka ṣa òwú tó dúró sókè ní ìwọ̀nba, yóò fò díẹ̀, yóò ṣa òmíràn, yóò ti òwú aláwọ̀ gba abẹ́ wọn, yóò sì fi pátákó pẹlẹbẹ gbá a mọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣi òwú kan kà, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ á wọ́. Kò sí ìwé níwájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, ojú àti ọwọ́ ló sì fi kọ́ ọ. Ọjọ́ tí ó bá kú láìfi han ẹnìkan, ọ̀pọ̀lọ́ yẹn bá a lọ.

Àwọn kan yóò ní ohun awo ni ìtagbè, kò yẹ kí wọ́n máa tú u wò. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ohun tí Òṣùgbó ń fi aṣọ náà ṣe ní ilédì, ilé ìpàdé wọn, àti ohun tí ọ̀nì tàbí ejò ń sọ fún ẹni tó ti wọlé, àwọn àgbà ló ni í, kí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iye òwú tí obìnrin ṣà kì í ṣe awo. Orúkọ obìnrin náà kì í ṣe awo. Bí ó ṣe pa ẹ̀lú, ibi tó ti ra àlàárì pupa, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ti da méjèèjì pọ̀ pẹ́ jù, awo ni wọ́n ní àwọn ń bò, orúkọ ahunṣọ ló ń ṣègbé. Ìdí nìyẹn tí ìtagbè tó bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ òkèèrè fi sábà máa ń gbé orúkọ Ìjẹ̀bú nìkan láìsí ti obìnrin tó hun ún.

Àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ kiri mọ iye rẹ̀. Àwọn ọmọ tó jogún rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni wọ́n ń tà ní owó táṣẹ́rẹ́. Ó ṣòro láti dí ìdílé lọ́wọ́ kí ó má ta ẹrù rẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí aṣọ má ṣe kúrò nílé kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì gba ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n sílẹ̀.

Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí èdè tàbí ìtàn kò ní láti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ wo aṣọ ọlọ́nà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kadà lásán á gbé e dé Òkè-Ṣòpẹ́n tàbí Ojówó, ọkọ̀ èrò á sì gbé e dé Àbígí. Fóònù tó wà lápò rẹ̀ tó láti fi gba ohùn. Kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, kó tẹ́ aṣọ náà síwájú ìyá àgbà, kó fọwọ́ lé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, kó sì béèrè pé: ìyá, òwú mélòó lẹ fò níbí?