Orogún Ni Wọ́n, Bí Ẹnìkan Tilẹ̀ Ń Borí Ṣáá

Àbúrò mi kan wà ní Tulsa, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, l'Amẹ́ríkà. Yunifásítì Oklahoma State tó wà ní ìlú Stillwater ló lọ. Lóru ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó pè mí. Kò kí mi, kò béèrè ìyàwó, kò béèrè ọmọ. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ìgbà tó yá ló wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, a nà wọ́n o! 27 sí 24!" Ẹkún ló ń sun. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún!

Mo ní ṣé wọ́n ti gba líìgì ni. Ó ní rárá. Mo ní ta wá ni wọ́n nà. Ó ní Oklahoma ni. Mo ní, "Ìwọ náà kọ́ ni Oklahoma ni?" Ó pòṣé, ó ní kò lè yé mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí àwa ń gbá níbí la ń sọ. Èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré ni, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n ń kọlu ara wọn bí àgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gbá a, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tàn yín jẹ. Owó tó wà nídìí ẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé, èrò tó sì ń wò ó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ líìgì àwọn àgbà lọ.

Bedlam ni wọ́n ń pe ìfigagbága yunifásítì Oklahoma àti Oklahoma State. Láti 1904 dé òru ọjọ́ tí àbúrò mi pè mí yẹn, ìgbà 118 ni wọ́n ti pàdé. Oklahoma borí nígbà 91. Oklahoma State borí nígbà 20. Wọ́n gbá ọ̀mì nígbà 7. Àkọ́kọ́ gan-an, ìyẹn ní ìlú Guthrie ní 1904, 75 sí òdo ni. Lọ́jọ́ náà, agbábọ́ọ̀lù àwọn tó fìdí rẹmi gbá bọ́ọ̀lù sókè, atẹ́gùn líle gbé e padà sẹ́yìn, ó já sínú odò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Nínú òtútù yẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ́ sínú omi láti lúwẹ̀ẹ́ lé e. Ta ló gbé e jáde? Ọmọ Oklahoma ni, wọ́n sì ka àmì fún un. Odò pàápàá ò gbè wọ́n.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kò sí ìfigagbága kankan níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n nà nígbà 91 tó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní abánidíje, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Oklahoma fúnra wọn á sọ fún ẹ pé Texas ni àwọn ń bá jà, pé Stillwater wulẹ̀ jẹ́ àbúrò tó ń di aṣọ àwọn mú. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ló la ojú mi. Orogún. Kí ló ń sọ obìnrin méjì di orogún? Ṣé torí pé wọ́n lágbára bákan náà ni? Rárá o. Ìyálé lè ní yàrá mẹ́ta, kí ìyàwó máa sùn sí pálọ̀. Ọkọ lè ti gbé ọkàn lé ẹnìkan pátápátá. Orogún náà ni wọ́n. Agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé, bí ọ̀kan bá rẹ́rìn-ín, èkejì á gbọ́. Obìnrin ilé kejì tẹ́ ẹ jọ ń jà nídìí ẹ̀rọ omi kò lè di orogún yín láéláé, bó ti wù kó bú yín tó.

Ọdún kan náà, 1890, ni wọ́n dá yunifásítì méjèèjì yìí sílẹ̀. Àpò ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n ń na ọwọ́ sí. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá sí Stillwater, 1957 ni wọ́n tó fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, ẹ sì mọ bí àwọn kan ṣe máa ń fojú wo ọmọ àgbẹ̀. Àwọn tó jáde níbẹ̀ àti àwọn tó jáde ní Norman, níbi tí yunifásítì Oklahoma wà, jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni, wọ́n jọ wà níbi iṣẹ́ kan náà, wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Ọ̀gá àbúrò mi níbi iṣẹ́, Norman ló ti jáde. Láti 2015 dé 2020, ọdún mẹ́fà gbáko, Oklahoma ò sinmi nínà wọ́n. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, fìlà pupa kan ni àbúrò mi máa bá lórí àga rẹ̀. Ọ̀gá ò ní sọ nǹkan kan. Fìlà náà ti sọ ọ́.

Ohun kejì tí mo rí ni ẹ̀rù ẹni tó ń borí. Ní 2000, Oklahoma ló gba ife gbogbo Amẹ́ríkà. Ní 2001, wọ́n ṣì wà lókè téńté nígbà tí Oklahoma State wá bá wọn nílé, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ló ti borí lọ́dún yẹn. 16 sí 13. Ó bà á jẹ́ fún wọn. Ní 2021 náà, 37 sí 33, Oklahoma pàdánù àǹfààní àtigbá àṣekágbá líìgì wọn. Lọ́jọ́ kejì gan-an, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Lincoln Riley, gba iṣẹ́ ní California. Mi ò sọ pé ìyà yẹn ló lé e lọ o. Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun. (Ẹ má ní mo pe Oklahoma lólè.)

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ẹ̀rù yẹn ṣe máa ń pọ̀ tó, ẹ wo Ohio State. Láti 2004 dé 2019, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Michigan borí wọn lórí pápá. Síbẹ̀, gbogbo ọdún tí wọ́n bá nà án ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń gba ṣòkòtò wúrà kékeré kan, àṣà tó ti wà láti 1934. Ta ló ń fi wúrà ta ẹni tó na ọmọdé lọ́rẹ? Nígbà tó wá di 2024, Michigan nà wọ́n nílé wọn, 13 sí 10. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ohio State lọ gba ife gbogbo Amẹ́ríkà, ọgbẹ́ Michigan ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wá fi wé Notre Dame àti Navy. Notre Dame borí fún ọdún 43 léraléra, 1964 sí 2006, kí Navy tó já okùn náà ní 2007. Ìyẹn tiẹ̀ burú ju ti Oklahoma lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí nǹkan le fún Notre Dame, àwọn ológun ojú omi ló kó ọmọ wọn wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi rówó mí. Gbèsè ọpẹ́ ni wọ́n ń san. Ó wuyì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé fìlà sórí àga ẹnìkan.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti UConn. Ní 2015, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Bob Diaco, dá ife kan sílẹ̀, ó ní UCF ti di abánidíje àwọn. UConn wà ní Connecticut, UCF wà lọ́hùn-ún ní Florida. Kò sẹ́ni tó bi UCF. Ọmọ wa kan, Folorunso Fatukasi, wà nínú ẹgbẹ́ UConn nígbà náà, mi ò mọ̀ bóyá ó rẹ́rìn-ín. Ní 2016, UCF borí, 24 sí 16, wọ́n fi ife náà sílẹ̀ lórí pápá, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Oṣù Keje 2024 ni Oklahoma tẹ̀ lé Texas kúrò ní líìgì Big 12 lọ sí SEC, níbi tí owó tẹlifíṣàn gbé pọ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó mú àbúrò mi sunkún ló kẹ́yìn. Mo ń gbọ́ ọ pé kò sí ohun tó sọnù, ṣebí 91 sí 20 ni. Mi ò gbà. Texas àti Texas A&M náà pínyà lẹ́yìn 2011, ìyẹn ò ní kí wọ́n yéé bú ara wọn. Nígbà tí wọ́n padà bá ara wọn nínú SEC ní 2024, ó dà bíi pé wọn ò lọ síbì kan. Oklahoma State kò sí ní SEC, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjì kò ní láti wà ní líìgì kan náà kí wọ́n tó bá ara wọn gbá. Kí wọ́n wá ọjọ́ Sátidé kan sí i. Ìlú méjèèjì ò ju ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ lọ!

Mo bi àbúrò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá òun àti ọ̀gá rẹ̀ ṣì ń bá a fà. Mo rò pé inú rẹ̀ á máa dùn pé tòun ló kẹ́yìn. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, òun náà ra fìlà aláwọ̀ ọsàn, òun gbé e sórí àga ọ̀gá, ọ̀gá sì dé e rìn káàkiri ọ́fíìsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí òun bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọ̀gá kàn máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Texas. Fìlà pupa yẹn wà níbi tó gbé e kọ́ sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Eruku ti bò ó.