Ẹ Má Fi Èsì VDRL Tú Ilé Ká

Ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bàrígà, láti òpópónà Bajulaiye títí dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ aláboyún ni mo bá wá. Ó kan ọkọ àti ìyá ọkọ pẹ̀lú.

Bí obìnrin bá lọ forúkọ oyún sílẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún sífílísì. Láwọn láàbù kan, VDRL ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kán omi ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n á po oògùn mọ́ ọn, wọ́n á máa mì ín fún ìṣẹ́jú 4. Bó bá ṣù wínníwínní, "reactive" ni wọ́n á kọ. Pépà pélébé yẹn sì ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé: "Ọ̀dọ̀ ta lo ti kó o wá?"

Ẹ fara balẹ̀. VDRL kì í wá kòkòrò sífílísì fúnra rẹ̀. Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ cardiolipin ló wà nínú oògùn náà, àyẹ̀wò yẹn sì ń wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bá ọ̀rá ọ̀hún jà. Sífílísì máa ń fà á. Ibà, ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ náà lè fà á, oyún pàápàá lè fà á fúngbà díẹ̀. Àìsàn kan tún wà, antiphospholipid syndrome, tí Dókítà Graham Hughes ṣàlàyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1983: àwọn ọmọ-ogun ara á kọjú ìjà sí ara tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́, ẹ̀jẹ̀ á wá máa dì nínú iṣan. Àìsàn yìí kì í ranni, àgbèrè kọ́ ló ń fà á.

Sífílísì àti àìsàn yìí, àwọn méjèèjì ló ń ba oyún jẹ́, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ penicillin ló ń wo sífílísì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì, aspirin díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ heparin ni dókítà sábà máa ń fún un nígbà oyún. Ẹ má dá a rà ní kẹ́mísì o.

Bí VDRL bá gbé nǹkan jáde, ẹ béèrè àyẹ̀wò kejì, irú bíi TPHA. Bí dókítà bá ní kí ẹ gba penicillin, ẹ gbà á, tọkọtaya ni o, nítorí sífílísì ń pa ọmọ inú. Bí TPHA kò bá gbé nǹkan, tí oyún sì ti ń bọ́ léraléra, tàbí tí èyí tó ti lé lọ́sẹ̀ 10 bọ́, ẹ bi dókítà nípa ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dídì bá gbé nǹkan jáde, wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 kó tó dá wọn lójú. Ẹ béèrè ní ọsibítù ìjọba ní Ṣómólú tàbí Gbàgádà. Wọ́n lè kọ̀wé darí yín sí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú tó ń ro yín, tàbí tí èémí ń há, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan: ẹ má fi òrí wọ́ ọ, ẹ má dúró de àgbo. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, obìnrin tí oyún ń bọ́ lára rẹ̀ kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe alágbèrè. Ẹ bá a lọ gba èsì kejì.