Sí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu: “Ó yé wa” kò tó

Ọlọ́lá Gómìnà,

Láti Bajulaiye, ní Ṣómólú nílùú Èkó, ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ láti ojú títì: “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo kíláàsì á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: “Ó yé wa yékéyéké!” Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí kò yé mi rárá. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé kì í dákẹ́ nínú ariwo yẹn. Ohùn tirẹ̀ gan-an ló máa ń ròkè jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé èwo ló pọ̀ jù, 1/2 tàbí 1/4? Ó ní 1/4 ni, torí pé 4 ju 2 lọ. Mo mú búrẹ́dì Agége, mo gé e sí méjì, mo tún gé apá kan sí méjì. “Èwo lo máa mú?” Ojú ẹsẹ̀ ló nawọ́ sí ìdajì. Ó mọ̀ ọ́n nínú búrẹ́dì, kò mọ̀ ọ́n lójú pátákó, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń pariwo “ó yé wa” láti ìbẹ̀rẹ̀ tọ́ọ̀mù.

Lábẹ́ ìjọba yín ni EKOEXCEL, ètò ìjọba Èkó fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, gbé táblẹ́ẹ̀tì lé àwọn tíṣà lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́. Táblẹ́ẹ̀tì ń sọ ohun tí tíṣà yóò kọ́ ọmọ. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí tíṣà tún rí ohun tó yé ọmọ kí aago tó lù. Ìdánwò kò lè ṣe èyí. Kí èsì rẹ̀ tó jáde, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní kí ọmọ kankan ní fóònù. Plickers ni wọ́n ń pè é. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà kan tí wọ́n ya àmì dúdú sí. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dúró fún A, B, C àti D. Tíṣà á bi ìbéèrè kan láàárín ẹ̀kọ́, ọmọ á yí ìdáhùn rẹ̀ sókè, tíṣà á na fóònù kan ṣoṣo sí gbogbo wọn, ìdáhùn oníkálukú á sì hàn. Àmì bébà kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kò rọrùn láti wo ti ọ̀rẹ́ ẹni. Onítìjú náà á ti dáhùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá wa tó lo síléètì mọ irú rẹ̀: kọ ọ́, gbé e sókè, kí tíṣà rí i.

Ta ni yóò tẹ bébà náà? Ṣómólú mà nìyí! Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké níbí, wọ́n ń tẹ kálẹ́ńdà, wọ́n ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Ẹ fi kíláàsì díẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà bẹ̀rẹ̀ ní tọ́ọ̀mù tó ń bọ̀, kí ẹ sì fún tíṣà lówó dátà, kí owó náà má baà máa ti àpò tirẹ̀ jáde.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ló kù. Ẹ má jẹ́ kí èsì náà di ohun tí ọ̀gá yóò fi máa halẹ̀ mọ́ tíṣà. Bí ọmọ 20 nínú 40 bá mú 1/4, kí tíṣà lè sọ láìfòyà pé, “Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe,” kó sì mú búrẹ́dì jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé Bajulaiye kan