Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ọmú Lórí Òbí Tó Ń Ṣiṣẹ́

Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ bímọ tán tí ibi iṣẹ́ fi ń retí rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di oṣù 6 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ní ìbí àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi náà ti wù kí ó gùn tó, kò tó ọdún 2 gbáko tí Ọlọ́hun Ọba dárúkọ nínú Suratul-Bakọrah, ayah 233, fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìfọ́mọlọ́mú pé. Inú àlàfo tí ó wà láàrin méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń jìyà.

Bí wáàsí bá dé orí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá ni wọ́n sábà máa ń bá wí. Wọn a ní owó ni ó ń lé, wọn a ní ayé ti dé sí i lórí. Ẹni tí ó bá ka ayah yẹn parí yóò rí i pé kò dá ìyá nìkan dúró. Bàbá ni ó gbé oúnjẹ àti aṣọ obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú lé lọ́rùn, bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ọmọ ni ìyá tàbí bàbá lára. Bí wọ́n bá sì fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ọdún 2 tó pé, ìfohùnṣọ̀kan àti àpérò àwọn méjèèjì ni ó fi lélẹ̀. Bàbá tí ó bá wá ní ọ̀rọ̀ ọmú kò kan òun, ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ohun tí Ọlọ́hun fi í sí. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé owó oṣù ọkọ kò gbé ilé. Gbogbo ilé ni ó ń jẹ nínú owó náà, ìyá nìkan ni ẹ̀bi rẹ̀ sì ń já lé.

Àwọn òpìtàn Islam kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ayé Sayyidina Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), àwọn ọmọdé a máa rí ìpín gbà nínú àpò ìlú, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí wọ́n bá já wọn lẹ́nu ọmú. Ní òru ọjọ́ kan, àwọn oníṣòwò wọ̀ sí Mẹdina, Umar àti Abdur-Rahman ọmọ Awf sì lọ ṣọ́ wọn. Umar gbọ́ igbe ọmọ. Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó tọ́jú ọmọ. Ó padà, igbe kò dáwọ́ dúró. Ó tún lọ, ó tún lọ. Obìnrin náà, tí kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, wá là á yé e pé òun ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ni, ọmọ sì kọ̀ jálẹ̀, nítorí Umar kì í fún ọmọ tí ó bá ṣì ń mu ọmú ní nǹkan. Oṣù mélòó kan péré ni ọmọ ọ̀hún. Nígbà tí Umar ń ṣáájú ìrun Àsùbáà, ẹkún kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ ohun tí ó ń kà. Bí ó ti parí ìrun, ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí òfin rẹ̀ ti lè pa, ó sì kéde pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sínú Islam ni yóò máa gba ìpín láti ìgbà ìbí rẹ̀.

Umar kò bá obìnrin náà jà. Òfin tí ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó tún ṣe.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣì wà lónìí, ibi tí ó sì dunni jù ni pé ó wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan tí Mùsùlùmí dá sílẹ̀. Olùkọ́ obìnrin tí ó bá sáré lọ fún ọmọ lọ́mú ní agogo 11 òwúrọ̀, wọn a kà á mọ́ àwọn tó ń sá níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, Òfin Iṣẹ́ kan náà yẹn fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún iṣẹ́ yìí gan-an. Olùdásílẹ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa gé ìrun kúrú bí ó bá gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn, nítorí ìnira tí yóò bá ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni ó wá tó ìrun?

Ní ti ọmọ tí ó ti ń rìn, iṣẹ́ ìyá kò ní kí a já a lẹ́nu ọmú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, kí oúnjẹ sì wá bá ọmú rìn títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìyá fún un kí ó tó jáde ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bá dé, àti ní òru. Bí ọmọ bá ti ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ni ara ń pèsè rẹ̀. Èyí tí ó bá fún sínú ife mímọ́ tí ó ní ìdérí kò gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ láìsí yìnyín, kò tilẹ̀ yẹ kí ó tó bẹ́ẹ̀ nínú ooru ọ̀sán.

Ẹ̀kọ mímu lásán ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Ó ń kún ikùn, kò tó láti mú ọmọ dàgbà. Ní 1935, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí í ṣe Ghana lónìí, kọ̀wé lórí àìsàn kan tí ń wú ọmọ lẹ́sẹ̀, tí ń sọ irun rẹ̀ di pupa. Orúkọ tí àwọn Ga ń pè é, kwashiorkor, ni ó lò, èyí tí ó jẹ mọ́ àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ọmú. Ẹ̀wà wà lọ́jà. Ẹ̀pà lílọ̀, edé, ẹyin àti ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ kan lọ́sàn-án sàn ju ife ẹ̀kọ mẹ́ta lọ. Ẹni tí wọ́n fi ọmọ tì, ìbáà ṣe ìyá àgbà, kò sì gbọdọ̀ di ọmọ nímú rọ ọ́ lẹ́kọ: oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Gbogbo èyí ni àpérò tí ayah náà sọ. Kí ìsinmi tó tán ni kí ọkọ àti aya ti jókòó sọ ẹni tí yóò dúró ti ọmọ, ohun tí yóò jẹ, iye tí yóò ná wọn, àti ẹni tí yóò ra ẹ̀wà sílé. Bí ìyá bá ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, bàbá lè fọ ife ọmọ, kí ó sì fi ṣíbí bọ́ ọ.