Ogún Ọmọdé àti Eré Ogún Ọdún

Àwọn àgbà ló sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òtítọ́ ni. Ọ̀kan á lọ sílé ọkọ, òmíràn á bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, ikú á sì mú ẹlòmíràn lọ. Ohun tí òwe náà kò sọ ni bóyá àwọn tó ṣẹ́kù lè padà wá jókòó síbi eré náà nígbà tí irun orí wọn bá ti ń funfun. Ìbéèrè yìí ló wà níwájú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, lórí eré kan tó pé àádọ́ta ọdún ní 2024, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ sì tẹ sítáǹpù lẹ́tà fún ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún náà. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀.

Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 1974 láti Lake Geneva, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan ni, ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, dọ́là 10 sì ni owó rẹ̀. Kò ní ọpọ́n bí ayò, kò sì ní ojú ọ̀nà tí ọmọ lúdò ń tọ̀ délé. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí: òun ni yóò máa sọ ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ nínú ìtàn, àwọn yòókù á sì mú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, kò ní í pẹ́ lóye rẹ̀. Kí ó ronú kan Àkàrà-Ògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Òkè Láńgbòdó. Kí ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sì jẹ́ Kàkó, kí ẹlòmíràn jẹ́ Olóhùn-Iyọ̀, kí kálukú máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí òun yóò ṣe sí iwin tó yọ sí wọn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ bóyá kùmọ̀ Kàkó yóò ba iwin náà, wọ́n á ju dáìsì olójú ogún.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í parí lóru ọjọ́ kan. Wọ́n lè máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù lè wá lọ́wọ́ òfo. Olùdarí kò tó bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ya àwòrán ihò àti ìlú, òun ló ń wá orúkọ fún ọba àti oníbodè, òun ló ń rán gbogbo èèyàn létí ọjọ́ ìpàdé, ilé rẹ̀ náà sì ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí. Nígbà tí ìyàwó bá bímọ tàbí tí iṣẹ́ bá le sí i, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ṣùgbọ́n kì í là á mọ́lẹ̀ pé ó ti rẹ òun. Yóò ní kí wọ́n sún ìpàdé ọ̀sẹ̀ yìí síwájú. Ẹlòmíràn á sún ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù: oṣù mẹ́ta á ti kọjá, kò ní sí ẹni tó kéde pé eré ti parí, kò sì ní sí ẹni tó lẹ́nu láti bèèrè. Ẹni tó sún ìpàdé gbẹ̀yìn á máa rò pé òun ni òun tú ẹgbẹ́ ká, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fún ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí kò ní ibòmíràn tó ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín ju ìdí tábìlì náà lọ, àdánù yìí kì í ṣe kékeré. Ìsinmi ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé e ló ń ya ọ̀rẹ́. Ì bá sàn kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n jẹun, kí olùdarí sọ bí ìtàn ì bá ṣe parí, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò tún pe ara wọn.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé wọ́n fipá gba eré lọ́wọ́ wọn ni. Ní 1983, Patricia Pulling dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbógun ti eré náà lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ni, ó sì yẹ kí a káàánú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀sùn tó fi kan eré náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn oníwàásù ń pariwo pé iṣẹ́ èṣù ni, àwọn òbí kan sì gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ wọn. (Èyí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa eégún lórí pẹpẹ.) Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí wọ́n bá padà sídìí eré, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń ṣe bí ọmọdé.

Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà padà sì ti pọ̀. Láti 2012 ni Roll20 ti ń jẹ́ kí àwọn tó wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ju dáìsì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó sì di 2016, eré Stranger Things lórí Netflix fi eré náà han àwọn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìdí ọjà. Ẹni tó fi eré sílẹ̀ ní 1988 yóò rí i pé wọ́n ti tún òfin rẹ̀ kọ ní 1989, ní 2000, ní 2008, ní 2014 àti ní 2024. Ìwé ńlá mẹ́ta ni ti tuntun yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 50. Ó rọrùn kí ó rò pé ayé ti fi òun sílẹ̀, àti pé àfi kí òun kọ́kọ́ náwó. Irọ́ ni. Ìwé àtijọ́ tó wà nínú àpótí rẹ̀ kò tíì bàjẹ́; Wizards of the Coast, tó ra ilé iṣẹ́ Gygax ní 1997, fúnra rẹ̀ tún àwọn ìwé àtijọ́ kan tẹ̀ ní 2012. Nígbà tí ilé iṣẹ́ yìí sì fẹ́ yí àṣẹ tó fún àwọn ẹlòmíràn láti ọdún 2000 padà ní oṣù kìíní 2023, àwọn oníbàárà bínú, ọ̀pọ̀ fagi lé owó tí wọ́n ń san lórí D&D Beyond. Kí oṣù náà tó parí, ó fi àkọsílẹ̀ òfin eré náà sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, tí kò lè gbà padà mọ́. Kò sí ẹni tó ní láti ra ohunkóhun kó tó lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sídìí tábìlì.

Ó ku àṣìṣe kan, ti ẹni tó ń padà bọ̀ fúnra rẹ̀ sì ni. Ó máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ihò tí wọ́n dúró sí ní 1991, pẹ̀lú ẹ̀dá ìtàn kan náà. Àwọn yòókù ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń wá nínú ihò ọ̀hún. Ìtàn tuntun tí kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ ló yẹ wọ́n, kí ẹlòmíràn sì ṣe olùdarí, kí ẹni tó rẹ̀ nígbà yẹn wá lọ́wọ́ òfo lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọmọ ẹnì kan bá fẹ́ bá wọn jókòó, kí wọ́n fún un ní àga, kí wọ́n má sì máa ka ìtàn 1991 sí i létí. Nọ́ńbà ẹni tó sún ìpàdé ìkẹyìn síwájú ṣeé ṣe kó ṣì wà lórí fóònù wọn. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè.