Ẹdẹ, Èdè, Edé: Ọgbọ́n Àtọwọ́dá àti Àwọn Tí Ń Bá Wa To Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ìlú Ẹdẹ tí mo ń gbé, ó kan èdè tí a jọ ń sọ, ó sì kan oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a kì í sábà rántí nígbà tí a bá ń yin ìwé tí ó dára. Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, tí wọ́n ń to ojú ewé, tí wọ́n ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó tó dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ni mo ní lọ́kàn.

Bí ènìyàn bá rìn ní àdúgbò Políì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ẹdẹ níhìn-ín ní 1992, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń ṣe fótókọ́pì, tí wọ́n ń di ìwé, tí wọ́n sì ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti bánà. Kì í ṣe iṣẹ́ ọlẹ. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́ Word, á kọ́ CorelDraw, á kọ́ PageMaker nígbà tí PageMaker ṣì lóde. Á gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá, á ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti jẹnẹrétọ̀, ó di ọ̀gá ara rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí san owó ilé-ìwé ara wọn dé ìparí.

Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n àtọwọ́dá dé. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT jáde sí gbangba. Kí ọdún kan tó pé, Adobe àti Canva ti ki irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ bọ inú irinṣẹ́ wọn. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi fóònù ya fọ́tò ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ, kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ títẹ̀, kí ó tún Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣe, kí ó sì to ojú ewé rẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Obìnrin kan wà tí mo máa ń gbé iṣẹ́ fún. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ó ń lò tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ni ó kù. Fíríìjì ni ó gbé sí ààyè méjì yòókù, omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó ń tà níbẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ẹ̀rọ kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò ni yóò gbà á. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Kò wúlò fún ẹni tí owó oúnjẹ rẹ̀ ń ti inú títẹ prójẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn wá, nítorí iṣẹ́ yẹn kò ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹnì kankan. Ó parẹ́ ni.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, lẹ́tà òjé ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fi bọ́ ìdílé. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ Aldus gbé PageMaker jáde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé tí wọ́n lé ní 5,000 ni Rupert Murdoch lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ilé ìtẹ̀wé tuntun rẹ̀ ní Wapping, níbi tí kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ títo lẹ́tà. PageMaker fúnra rẹ̀ kò wà títí. Adobe ra Aldus ní 1994, InDesign sì gba ipò rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Ẹdẹ lónìí, orí àga ẹni tí ń ṣa òjé ni ó jókòó sí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ti Yorùbá tí kò sí nínú ti Wapping. Ẹ kọ orúkọ ìlú yìí láìsí àmì: Ede. Kí ni ẹ kọ? Ó lè jẹ́ Ẹdẹ, ìlú Tìmì. Ó lè jẹ́ èdè, ohun tí mo fi ń jẹun. Ó lè jẹ́ edé, tí ń bẹ nínú ọbẹ̀. Mo fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní gbólóhùn kan, "Awon agba Ede pejo", mo ní kí ó fi àmì sí i. Ó kọ "Àwọn àgbà èdè péjọ". Àmì náà dúró dáadáa, ó wu ojú. Àwọn àgbà ìlú ni ó di àgbà èdè. Bóyá èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni ó rò pé mò ń sọ. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì máa ń jẹ́ kí òǹkàwé dúró rò ó; ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì òdì kì í jẹ́ kí ó rò ó rárá.

Ìlú yìí kan náà sì ni Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti jọba láti 1946 títí di 1975, ọba tí ó mọ ìlù lù, tí ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ohùn nìkan ni dùndún ní, kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì, síbẹ̀ a ń gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ìwé wa ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì pé pérépéré, a wá yọ ohùn kúrò nínú rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé a ti sọ iṣẹ́ yìí di ọ̀pọ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Òótọ́ ni pé ìṣòro wà. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. A ní láti gbé àmì ohùn lé wọn lórí lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì àtijọ́ kò sì mọ ibi tí wọn yóò gbé e lé. Kí Unicode tó gbòde, fọ́ǹtì tí kálukú ṣe fúnra rẹ̀ ni a ń lò. Bí o bá gbé iṣẹ́ rẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, gbogbo rẹ̀ á di àpótí kéékèèké àti àmì ìbéèrè. Ìyẹn ti di ìtàn fún ẹni tí ó bá ní kííbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ìwà. Oníbàárà a ní, "Má wulẹ̀ fi àmì sí i, wọ́n á kà á bẹ́ẹ̀." Òǹtẹ̀wé a ní àmì ń jẹ àkókò. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí àmì, ẹnikẹ́ni tí ó ní ìka lè tẹ Yorùbá, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ni ẹ̀rọ sì ń kọ́kọ́ gbà. Nínú ohun tí a kọ láìsí àmì sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ náà ti kọ́ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe rẹ̀, àtọwọ́dá wa ni.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ẹ̀rọ yóò mọ àmì fi sí láìpẹ́. Ó ṣeé ṣe. Túndé Adégbọlá àti ilé-iṣẹ́ Alt-i ní Ìbàdàn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ èdè àti kọ̀ǹpútà. Ní 2018, Iroro Orife náà gbé ìwádìí jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì Yorùbá padà sí ààyè rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ti fi àmì sí dáadáa ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ṣẹ́. Ta ni yóò fi àmì náà sí i? Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kan péré ni ẹ̀rọ ń ṣì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé tí ó ní ọ̀rọ̀ 40,000 á jáde pẹ̀lú àṣìṣe 400, ẹ̀rọ kò sì ní fi ìka tọ́ka sí ọ̀kan fún ọ. Ẹni tí yóò rí wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá, kí ó mọ ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, kí ó sì lè pe ìdílé olóògbé lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ẹ ṣe ń pe orúkọ bàbá gan-an?"

Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa ṣí lọ sí. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kí ó tò ó, kí ó ya òdòdó sí etí káàdì. Kí àwọn di olóòtú. Kí wọ́n kọ iye owó ìwé alámì sára ògiri lọ́tọ̀, kí ó ju ti aláìlámì lọ. N kò sọ pé yóò gba gbogbo wọn o. Ìwé Yorùbá tí à ń tẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, prójẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń mú owó wá jù. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò gbà, àwa tí a wà nídìí ẹ̀kọ́ èdè ni ó yẹ kí a kọ́ wọn, kí ìmọ̀ àkọtọ́ má mọ sí yàrá ìdánwò.

Ìlànà 1974 kò gùn; ọjọ́ Sátidé mẹ́rin tó láti kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹdẹ tàbí ní Òṣogbo, kí ó kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, n kò ní gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣáà mú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ dání, ìbáà ṣe káàdì, ìbáà ṣe ìwé ètò ìsìnkú; a ó jọ fi àmì sí i.